Kò rántí ìjàǹbá náà, ṣùgbọ́n ẹ̀rù mọ́tò kò kúrò lára rẹ̀: kí ni ìtọ́jú ìfọ̀rọ̀wérọ̀ lè ṣe sí i?

Ẹ̀gbọ́n Aláṣọ

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ àbúrò mi obìnrin ni mo gbé wá síwájú yín. Aṣọ ni ó ń tà ní Ilé-Ifẹ̀, Balógun ní Èkó ni ó sì ti máa ń lọ ra ọjà. Ní ọdún tó kọjá, nígbà tí ó ń ti Èkó bọ̀, bọ́ọ̀sì tí ó wọ̀ gbókìtì kí wọ́n tó dé Ògèrè. Ó fi orí gbá nǹkan, ó dákú, orí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn ni ó sì ti lajú. Ọgbẹ́ ara ti jinná báyìí. Ohun tí ó ń yà wá lẹ́nu ni pé kò rántí ohunkóhun nípa ìjàǹbá náà; ìgbà tí wọ́n ń di ẹrù rẹ̀ sẹ́yìn bọ́ọ̀sì ní gáréèjì Ọ̀jọ́ta ni ìrántí rẹ̀ parí sí. Síbẹ̀, bí ó bá ti wọ ọkọ̀, tí awakọ̀ ṣí iná, tí òórùn epo bẹntiróòlù sì kan án nímú, àyà rẹ̀ á máa lù kìkì, ọwọ́ rẹ̀ á tutù bí omi, á sì máa bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun sọ̀ kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò máa bú ara rẹ̀ pé kí ni òun ń bẹ̀rù gan-an nígbà tí òun kò rí nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ náà ti ń kan owó rẹ̀. Owó ni ó ń fi ránṣẹ́ sí àwọn tí ń tajà fún un ní Balógun, àwọ̀ aṣọ tí kò bá sì tà lọ́wọ́ wọn ni wọ́n máa ń dì fún un. Dókítà ilé ìwòsàn ìjọba kan ti kọ ìwé fún un pé kí ó lọ rí onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá fún ìtọ́jú ìfọ̀rọ̀wérọ̀. Èmi kò lòdì sí i, ṣùgbọ́n ó rú mi lójú. Báwo ni ọ̀rọ̀ ẹnu ṣe fẹ́ wo ohun tí ẹni náà kò rántí? Kí ni yóò máa sọ níbẹ̀?

Bàbá Olùkọ́

Ẹ kú ìdúró ti ọmọ ìyá ẹni. Ọdún púpọ̀ ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì ní ẹ̀kọ́ ìhùwàsí ẹ̀dá kí n tó fẹ̀yìn tì, irú ìbéèrè yìí ni mo sì fẹ́ràn jù, nítorí pé ó fi hàn pé ohun tí ènìyàn mọ̀ pé òun mọ̀ kéré sí ohun tí ó mọ̀.

Ní ìlú Geneva, ní 1911, dókítà kan tí ń jẹ́ Édouard Claparède kọ ìtàn obìnrin aláìsàn kan tí ìrántí rẹ̀ ti bàjẹ́ débi pé, bí dókítà bá jáde kúrò ní yàrá tí ó sì tún wọlé, ńṣe ni obìnrin náà máa ń kí i bí àlejò. Lọ́jọ́ kan, Claparède fi abẹ́rẹ́ kékeré kan pamọ́ sáàárín ìka rẹ̀ kí ó tó bọ obìnrin náà lọ́wọ́, abẹ́rẹ́ sì gún un. Láìpẹ́, ó ti gbàgbé. Ṣùgbọ́n nígbà tí dókítà tún na ọwọ́ sí i, ó fa ọwọ́ tirẹ̀ sẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè ìdí rẹ̀, kò rí ohun kan sọ ju pé àwọn ènìyàn a máa fi abẹ́rẹ́ pamọ́ sọ́wọ́ nígbà mìíràn. Kò rántí pé ẹnikẹ́ni gún òun rí, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ mọ̀.

Ní 1995, àwọn onímọ̀ ní yunifásítì Iowa ní Amẹ́ríkà rí ibi tí ìyàtọ̀ náà wà nínú ọpọlọ. Wọ́n ń fi àwòrán aláwọ̀ oríṣiríṣi han àwọn ènìyàn, ìró fèrè ọkọ̀ ojú omi tó ń dun etí a sì máa tẹ̀lé àwọ̀ kan. Ẹni tí apá ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní hippocampus ti bàjẹ́ fún kò lè sọ àwọ̀ tí fèrè ń tẹ̀lé, ṣùgbọ́n òógùn ń bo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bí àwọ̀ náà bá ti yọ. Ẹni tí apá mìíràn tí wọ́n ń pè ní amygdala ni ó bàjẹ́ fún lè sọ ọ́ láìṣì, ara rẹ̀ kò sì mira rárá. Ọ̀nà méjì ni ìrántí ń gbà wọlé, ọ̀kan lè dí kí èkejì ṣí sílẹ̀. Orí tí àbúrò yín fi gbá nǹkan ló dí ọ̀nà ìtàn. Ọ̀nà ìbẹ̀rù kò dí. Nítorí náà, ẹ bá mi sọ fún un pé kí ó má bú ara rẹ̀ mọ́, kì í ṣe òmùgọ̀, kì í sì í ṣe ojo.

Pásítọ̀ Kékeré

Bàbá, ẹ ṣeun fún àlàyé yìí, mo sì kí ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n náà pé ẹ kú ọ̀ràn yìí. Láìfẹ́ já ọ̀rọ̀ yín gbà, mo fẹ́ kí a ronú sí i pé àwọn tí irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí máa ń wá sí ìjọ wa, àdúrà sì ni ó máa ń fọkàn wọn balẹ̀. Bí ẹ bá sọ pé ohun kan wà nínú ènìyàn tí ó mọ ohun tí èrò orí rẹ̀ kò mọ̀, ohun tí àwa ń pè ní ẹ̀mí kọ́ ni ẹ ń sọ yẹn? Ibo wá ni ẹ̀kọ́ yunifásítì ti gba àṣẹ lórí ẹ̀mí?

Aṣiyèméjì

Èmi kì í ṣe ẹlẹ́sìn, ṣùgbọ́n mo wà lẹ́yìn Pásítọ̀ ní ọ̀nà kan. Àwọn onímọ̀ fúnra wọn gbà pé àwọn kò tíì mọ ohun tí iyè ènìyàn jẹ́. Láti 1995 ni David Chalmers, onímọ̀ ọgbọ́n orí, ti ń bi wọ́n pé, ká tiẹ̀ sọ pé ẹ mọ ibi tí iná ń tàn nínú ọpọlọ nígbà tí ìrora ń ṣe ènìyàn, kí ló dé tí ìrora fi ń *dun* ènìyàn? Kò tíì sí ẹni tí ó dáhùn tó tẹ́ gbogbo wọn lọ́rùn. Ní 2006 ẹ̀wẹ̀, Adrian Owen, onímọ̀ nípa ọpọlọ, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Cambridge gbé obìnrin kan tí ìjàǹbá mọ́tò sọ di ẹni tí kò mira, tí gbogbo ènìyàn gbà pé kò mọ nǹkan kan mọ́, sínú ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán ọpọlọ, wọ́n sì ní kí ó fojú inú wò ó pé òun ń gbá tẹ́níìsì. Ibi tí ọpọlọ ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá ti ń ṣiṣẹ́ náà ni tirẹ̀ ti ṣiṣẹ́. Bí dókítà kò bá lè fi ojú mọ ẹni tó wà nílé àti ẹni tí kò sí nílé, báwo ni ó ṣe fẹ́ tún ilé náà ṣe?

Bóyá kí àbúrò yín tiẹ̀ kọ́kọ́ rántí. Àwọn kan wà tí wọ́n máa ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ mú ènìyàn wọ bí ẹni tòògbé, èyí tí òyìnbó ń pè ní hypnosis, tí wọ́n á sì hú ìrántí tó ti rì mọ́lẹ̀ jáde.

Nọ́ọ̀sì Ẹ̀gbá

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gba ìmọ̀ràn ìkẹyìn yẹn. Ìrántí kì í ṣe ìṣúra tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. Ní 1995, Elizabeth Loftus, onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, àti akẹgbẹ́ rẹ̀ kan sọ fún àwọn ènìyàn 24 pé wọ́n ti sọnù rí sínú ilé ìtajà ńlá nígbà tí wọ́n wà ní ọmọdé, irọ́ gbáà sì ni. Nǹkan bí ẹni 1 nínú 4 ni ó wá “rántí” rẹ̀, tí àwọn mìíràn tiẹ̀ ń fi kún un. Bí ẹ bá fi agbára mú ẹni tí orí rẹ̀ gbá nǹkan láti rántí, ó lè rí ìtàn kan sọ lóòótọ́, ìtàn tí yóò tún máa dẹ́rù bà á lóru.

Ní ti pé a kò mọ ohun tí iyè jẹ́, àwọn baba wa ń fi egbò asofẹ́yẹjẹ tọ́jú wèrè láìmọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ìgbà tó di 1952 ni wọ́n tó yọ èròjà tí wọ́n ń pè ní reserpine jáde nínú igi ilẹ̀ Íńdíà kan tí ó jẹ́ mọ̀lẹ́bí rẹ̀, a sì rí i pé ó wà nínú tiwa náà. Ó ń ṣiṣẹ́ kí a tó mọ bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́, ó sì ń pa àwọn kan lára, nítorí pé a máa já ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, a sì máa mú ìbànújẹ́ wá bá ọkàn àwọn mìíràn. Ìdí nìyẹn tí a kò fi gbọ́dọ̀ dúró lórí pé ó ń ṣiṣẹ́ nìkan; a ní láti wádìí ẹni tí ó bá lára mu àti ẹni tí kò bá.

Ọ̀dọ̀ Pásítọ̀ ni mo fẹ́ dúró sí díẹ̀, nítorí pé wọ́n ti parí irú ìjà bẹ́ẹ̀ ní Abẹ́òkúta kí a tó bí ọ̀pọ̀ nínú wa. Ní 1954 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adeoye Lambo, ọmọ Ẹ̀gbá tí ó kàwé ìṣègùn ọpọlọ ní London, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ọpọlọ Arò. Kò ti àwọn aláìsàn mọ́lé. Àwọn abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká ni ó fi wọ́n wọ̀ sí, nínú ilé àwọn àgbẹ̀, ẹnikẹ́ni tí ó bá sì fẹ́ gba ìtọ́jú gbọ́dọ̀ mú ẹbí kan lẹ́yìn tí yóò máa dáná fún un, tí yóò máa fọ aṣọ rẹ̀, tí yóò sì máa mú un lọ rí dókítà lójúmọ́. Ní àárọ̀, wọ́n ń gba oògùn. Tó bá di ọ̀sán, wọ́n wà lóko tàbí níbi iṣẹ́ ọwọ́ pẹ̀lú àwọn ará abúlé. Lambo pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra, ó ń bá wọn jókòó, ó ń bi wọ́n léèrè, àwọn dókítà tí ó ti òkè òkun wá sí ìpàdé ní Abẹ́òkúta ní 1961 sì fojú ara wọn rí i. Kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni fi ìgbàgbọ́ rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó gba ìtọ́jú. Láìpẹ́ yìí, ní 2020, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje ti Ìbàdàn àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àbájáde ìwádìí kan jáde lórí àwọn aláìsàn 307 ní Nàìjíríà àti Gánà: ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ti ń bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ àti àwọn wòlíì ṣiṣẹ́ pọ̀, ara àwọn aláìsàn yá ju ibi tí kálukú ti ń dá tirẹ̀ ṣe lọ. Àwọn tí iyè wọn dàrú gan-an ni ìwádìí yẹn wà fún, kì í ṣe irú àbúrò yín. Mo mú un wá kí Pásítọ̀ lè mọ̀ pé a kò lé e jáde.

Ọmọ Èkìtì ní Leeds

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe níbí nìyí, lábẹ́ ètò ìtọ́jú ìfọ̀rọ̀wérọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ England ní 2008. Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní kí ni yóò máa sọ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ sísọ wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni ó ń ṣe ìwòsàn irú ẹ̀rù yìí. Ẹ lè fi gbogbo òru ṣàlàyé fún un pé bọ́ọ̀sì yìí kò ní gbókìtì, yóò sì gbà fún yín, síbẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ á ṣì tutù, nítorí pé apá ọpọlọ tí ẹ̀rù wà kì í gbọ́ àlàyé. Ohun tí ojú rẹ̀ bá rí tí ara rẹ̀ sì là kọjá nìkan ni ó ń gbọ́.

Bí a ṣe máa ń ṣe é nìyí. Ẹni náà àti olùtọ́jú á jókòó, wọ́n á kọ gbogbo ohun tí ó ń dẹ́rù bà á sílẹ̀, wọ́n á sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní òǹkà láti 0 títí dé 100. Fún àbúrò yín, ó lè jẹ́ pé kí ó dúró sẹ́bàá títì jẹ́ 20; kí ó jókòó sínú ọkọ̀ tí wọ́n kò ṣí iná rẹ̀ jẹ́ 35; kí wọ́n ṣí iná, kí òórùn epo jáde, kí ọkọ̀ má sì lọ síbì kan, ìyẹn á ti tó 55. Lẹ́yìn náà ni kí ó dé Gbọ̀ngán kí ó sì padà, kí ó dé Ìkirè, kí ó dé Ìbàdàn. Èkó ni yóò gbẹ̀yìn. Ibi tí ó bá lè fara dà ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, yóò sì dúró níbẹ̀ títí ìgbì ẹ̀rù náà yóò fi rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà nìyẹn. Bí ó bá sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí àyà rẹ̀ ń lù jù, ìtura tí ó rí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ á kọ́ ara rẹ̀ pé sísọ̀ kalẹ̀ ni ó gba òun là, ẹ̀rù ọ̀la á sì tún le ju ti àná lọ.

Ní New York, ní 1924, Mary Cover Jones, onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá kan, ṣe irú rẹ̀ fún ọmọdékùnrin kan tí ẹ̀rù ehoro ń bà. Nígbà tí ọmọ náà bá ń jẹun tó fẹ́ràn, wọ́n á gbé ehoro wá sí ọ̀ọ́kán, wọ́n á túbọ̀ máa gbé e súnmọ́ ọn díẹ̀díẹ̀. Wọ́n sì tún ń mú àwọn ọmọ tí kò bẹ̀rù ehoro wá bá a ṣeré níbẹ̀. Níkẹyìn, ó ń fọwọ́ pa ehoro lára. Ẹ wo bí ó ṣe bá ohun tí Nọ́ọ̀sì sọ nípa Arò mu: oúnjẹ, iṣẹ́, àti ẹni tí kò bẹ̀rù ní ẹ̀gbẹ́ ẹni. Dòdò Ìkirè á ṣe dáadáa fún ti àbúrò yín.

Ẹ̀gbọ́n Aláṣọ

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ọ̀rọ̀ náà ti ń yé mi. Ohun méjì ni ó kù. Ó ti ń lo diazepam, oògùn tí ń mú ara rọlẹ̀, tí ó ń rà lọ́dọ̀ oníkẹ́mísì, ó ní òun kò lè sùn láìsí i, ó sì ti lo ọ̀kan kí ó tó wọ ọkọ̀ rí. Èkejì ni pé ó ń bẹ̀rù pé bí àwọn ará ọjà bá gbọ́ pé òun ń lọ sí ilé ìwòsàn ọpọlọ, wọ́n á ní orí òun ti dàrú.

Nọ́ọ̀sì Ẹ̀gbá

Kí ó má ṣe já a jù sílẹ̀ lójijì, nítorí pé ẹni tí ó ti ń lò ó pẹ́ lè ní gìrì bí ó bá dáwọ́ dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Dókítà ni yóò bá a dín in kù. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ dín kù, nítorí pé oògùn tí ó bá pa ẹ̀rù mọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀ kò ní jẹ́ kí ara rí i pé ẹ̀rù náà lè rọlẹ̀ láìsí oògùn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kọ ọ́ sílẹ̀ láti 2013 pé kí a má fún àgbàlagbà ní irú oògùn yìí fún ìpayà ní oṣù kìíní lẹ́yìn ìjàǹbá.

Ní ti ẹnu ayé, kò di dandan kí ó lọ sí ilé ìwòsàn ọpọlọ gan-an. Àwọn ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì ní ẹ̀ka tí àwọn onímọ̀ ìhùwàsí ti ń ṣiṣẹ́, ẹnu ọ̀nà tí alárùn ìtọ̀ ṣúgà ń gbà wọlé náà ni òun náà á gbà.

Pásítọ̀ Kékeré

Mo ti kà gbogbo rẹ̀, mo sì dúpẹ́ pé ẹ kò fi ẹ̀sìn ṣe ẹlẹ́yà. Ìbéèrè mi kò le. Bí arábìnrin náà bá wà nínú ọkọ̀, tí ó ń ka Sáàmù 121 sínú, ṣé ẹ ó ní ó ń ba ìtọ́jú jẹ́?

Ọmọ Èkìtì ní Leeds

Pásítọ̀, ìbéèrè gidi nìyẹn, a sì máa ń bá a pàdé lẹ́nu iṣẹ́. Bí ó bá ń fi Sáàmù náà gba agbára láti wọ ọkọ̀, kí ó la ojú rẹ̀, kí ó wo títì, kí ó gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì, ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá di ojú, tí ó di àga mú, tí ó ń kà á wùyà-wùyà láti Ifẹ̀ dé Ìbàdàn kí ó má baà mọ̀ pé òun wà nínú ọkọ̀, ara rẹ̀ kò ní kọ́ ohunkóhun nínú ìrìn àjò yẹn. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn onígbàgbọ́ tí mò ń tọ́jú ni pé kí wọ́n gbàdúrà kí wọ́n tó gbéra àti nígbà tí wọ́n bá dé. Ẹ̀yin gan-an lè bá wa ṣiṣẹ́ níbí, Pásítọ̀, nítorí pé bí ẹ̀yin bá sọ fún un pé lílajú kì í ṣe àìgbàgbọ́, yóò gbọ́ ju bí èmi ṣe lè sọ ọ́ lọ.

Aṣiyèméjì

Mo ní ẹyọ kan sí i. Mo gbọ́ pé oògùn kan wà tí ó lè pa ẹ̀rù rẹ́ pátápátá.

Bàbá Olùkọ́

Inú eku ni ọ̀rọ̀ yẹn ti bẹ̀rẹ̀, ní yunifásítì New York, ní 2000, nígbà tí Karim Nader àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ìrántí ẹ̀rù tí a bá ta jí máa ń rọ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó tún le, àti pé a lè dí i lọ́wọ́ nígbà tí ó bá ṣì rọ̀. Lára ènìyàn, àbájáde rẹ̀ kò tíì dúró lójú kan. Mi ò ní fi ọmọ ẹlẹ́ni dán an wò nígbà tí ọ̀nà tí a ti mọ̀ wà nílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Aláṣọ

Ẹ kú àtijọ́, mo padà wá jẹ́ iṣẹ́. Ó ti ń rí onímọ̀ ìhùwàsí kan, dókítà sì ń bá a dín oògùn náà kù. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti inú ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin tí ó dúró sí ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n ṣí iná, wọ́n jókòó, òógùn bò ó, ẹ̀gbọ́n wa ń ka ìwé ìròyìn ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ẹni pé kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Wọ́n ti dé Gbọ̀ngán, wọ́n sì ti dé Ìkirè, ó tiẹ̀ bọ́ sílẹ̀ ra dòdò fúnra rẹ̀. A rò pé ó ti parí. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá òjò ń rọ̀, wọ́n wọ ọkọ̀ èrò dípò ọkọ̀ ilé, gbogbo rẹ̀ sì padà bí ti àtijọ́, kódà kò dé Gbọ̀ngán. Ó ń sunkún pé owó àti àkókò ti ṣòfò. Ṣé òótọ́ ni?

Bàbá Olùkọ́

Kò sí ohun tó ṣòfò. Onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Ivan Pavlov ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà ti rí i lára àwọn ajá rẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn pé ohun tí ẹranko kọ́, tí a sì mú kí ó dáwọ́ rẹ̀ dúró, tún lè yọjú lẹ́yìn ìsinmi díẹ̀. Ìtọ́jú kò pa ìrántí ẹ̀rù rẹ́. Ìrántí tuntun ni ó kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, pé ọkọ̀ kì í ṣe ikú, àwọn méjèèjì sì wà nínú ọpọlọ kan náà tí wọ́n ń bá ara wọn du àyè. Èyí tuntun sábà máa ń so mọ́ ibi tí a ti kọ́ ọ: ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n yín, ọjọ́ tí ojú ọ̀run mọ́, oorun tó dára. Ti àtijọ́ kò mọ ààlà. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó rí ekòló á sá, ibi yòówù kó ti rí i.

Nítorí náà, kí ó má padà sí ìbẹ̀rẹ̀ pátápátá. Kí ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún olùtọ́jú rẹ̀, kí wọ́n sì fi òjò àti ọkọ̀ èrò kún àwọn ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀, pẹ̀lú òǹkà tiwọn. Kí ó lọ jókòó sínú ọkọ̀ èrò tí kò tíì kún ní gáréèjì Ifẹ̀, kí ó san owó àga rẹ̀ fún awakọ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà lé e. Bí òjò bá ṣú, kí wọ́n gbé ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n yín jáde, kí wọ́n lọ sí ibi tí ó ti lọ rí lọ́jọ́ òòrùn. Kí wọ́n máa pààrọ̀ ọkọ̀, awakọ̀, wákàtí àti ojú ọjọ́, kí ìrántí tuntun náà lè ní ibi púpọ̀ tí yóò dì mú.

Ẹ̀gbọ́n Aláṣọ

Mo ka èyí sí i létí lálẹ́ yìí. Ó ní òun mọ awakọ̀ kan tí ń na Òṣogbo lójoojúmọ́, tí kì í sáré, òun á bá a sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ó tún ní kí n bi yín bóyá òun lè mú ọmọbìnrin tí ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ òun dání, nítorí pé ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin kò ní ráyè.

Nọ́ọ̀sì Ẹ̀gbá

Kí ó mú un dání ní àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, kí ọmọ náà máa jókòó sí ìlà ẹ̀yìn. Nígbà tó bá yá, kí ó dúró dè é ní Òṣogbo. Kí ó tó di pé Èkó kàn, kí ọmọ náà wà nílé máa tajà.